Kọ́bọ́ọ̀dù Màámi Tí Mo Tún Ṣe

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                                        Ijapo Estate,
                                        Àkúrẹ́.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bísọ́dún, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Goodness aya rẹ, mo sì kí Jesse ọmọ wa. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ tí o bá wakọ̀ ọ̀nà jíjìn ńkọ́, ṣé ó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀? Ṣé ibà ti dá Goodness sílẹ̀ pátápátá? Mo gbọ́ pé Jesse ti ga jù ọ́ lọ, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ní tiwa níhìn-ín, ara wa le. Akínbọ̀wálé ọkọ mi ní kí n kí ọ. Òun ni yóò mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ, pẹ̀lú ohun kan tí mo fi aṣọ wé. Jọ̀wọ́, má tíì tú aṣọ náà. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ lórí fóònù nínú ẹbí wa kì í dúró sí ibi tí mo bá sọ ọ́ sí. Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní oṣù tó kọjá, Sístà Fọláṣadé ẹ̀gbọ́n wa ti gbé e sétí Màámi kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi kò bi ọ́ bí ó ṣe dé ọwọ́ wọn, n kò sì ní bi ọ́ nísinsìnyí. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ìdí tí mo fi mú bébà.

Ìwọ náà kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹbí pé, "Kí Sístà Bùkọ́lá ṣáà sọ ẹni tí wọ́n ta kọ́bọ́ọ̀dù Màámi fún, ká lọ rà á padà." Gbogbo ẹbí ló kà á. Àwọn kan fi àwòrán àtàǹpàkò tì ọ́ lẹ́yìn. Èmi kò fèsì. Èsì mi nìyí, ìwọ nìkan ni mo sì kọ ọ́ sí. O mọ̀ pé mo máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn tí o máa rí níbí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni.

Ìwọ náà wà lórí fóònù nígbà tí a fẹnu kò pé kí Màámi kúrò ní ilé wa ní Odòjọ̀mu, Oǹdó, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ojú wọn ti lọ tán, wọ́n sì ti ń ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Sístà ń kọ́ni níléèwé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kò sí ẹni tí yóò máa wò wọ́n ní Oǹdó. Màámi kò fẹ́ gbọ́ rárá. Nígbà tí a bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ. Tí mo bá ti fọwọ́ kàn án níbẹ̀, mo délé nìyẹn." Sístà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá ẹlòmíràn ń béèrè ẹ̀rọ amúlétutù, igi ni tiwa ń béèrè." Gbogbo wa bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ìyẹn nìkan ni ohun tí Màámi máa béèrè lọ́wọ́ mi.

O mọ kọ́bọ́ọ̀dù náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìrókò ni, Bàámi ló ní kí wọ́n kàn án nígbà ìgbéyàwó wọn, ilẹ̀kùn méjì lókè, dúrọ́ọ̀ méjì nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn abọ́ tánńganran tí a kì í fi jẹun àyàfi tí Bíṣọ́ọ̀bù bá wá, inú rẹ̀ náà sì ni bisikíìtì Kérésì máa ń wà. O rántí igbe ilẹ̀kùn apá ọ̀tún. A fi àdí ra á títí, kò dákẹ́. Màámi á wà lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún, wọ́n á kàn pariwo pé, "Bísọ́dún, ti ilẹ̀kùn mi!"

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e gba Ọ̀wẹ̀nà wá nígbà òjò. Nígbà tí ó wà nílé wa, n kò rí i bí ohun tó ti gbó. Ní pálọ̀ mi, níwájú fèrèsé, ó dà bí aláìsàn tí wọ́n gbé dé ọsibítù. Èéfín àtùpà ti pa ara rẹ̀ dúdú. Oje àbẹ́là dì sórí rẹ̀. Àpá áyọ́ọ̀nù eléèédú Bàámi wà lókè, igun apá òsì ti jẹ wọnú, ìṣó kan sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí Màámi máa ń fi agboòrùn kọ́. Yàrá àyẹ̀wò ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ní pólì. Ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí lójú mi. Mo ní n ó tún un ṣe kí Màámi tó dé, kí wọ́n lè mọ̀ pé a fi ọ̀wọ̀ gbà wọ́n.

Èmi fúnra mi ni mo ṣe é, n kò gbé e fún káfíńtà. Mo ń wo bí wọ́n ti ń ṣe é lórí fóònù, mo sì ń ṣe é tẹ̀ lé e. Mo kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Igi mu omi, ó wú, dúrọ́ọ̀ kò sì jáde mọ́ títí tí ó fi gbẹ. Mo kẹ́kọ̀ọ́. Mo fi tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà nù ún dípò omi. Lẹ́yìn náà, mo ra sánńpépà tó le jù, mo sì fi ha á ní ìbú. Ó fi àpá sí i lára bí èékánná ológbò. Akínbọ̀wálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí eruku ti bo irun mi.

Ó ní, "Bùkọ́lá, ṣé o ń tún un ṣe ni, àbí o ń bá a jà?"

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó lọ wá oúnjẹ jẹ.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìyẹn náà: ibi tí ojú igi bá kọ sí ni èèyàn ń ha á sí. Mo tún kun fáníṣì lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, ó funfun bálabàla bí ẹni pé ìkúùkù wọnú rẹ̀. Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo dúró de oòrùn, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo fi pọ́tì tí káfíńtà fi ń dí ihò dí igun tó ti jẹ. Mo yọ ìṣó agboòrùn, mo dí ojú rẹ̀. Mo yọ àwọn híńjì tó ti dípẹtà lára ilẹ̀kùn, mo rì wọ́n sínú kẹrosíìnì nínú agolo mílíìkì, mo sì lọ ra tuntun ní Ọjà Ọba. Mo fi sípíríìtì nu inú rẹ̀ títí òórùn káfúrà àti ti àjẹkù bisikíìtì fi lọ tán. Ibì kan ṣoṣo ni n kò ha, ìyẹn pákó ẹ̀yìn nísàlẹ̀, lẹ́yìn dúrọ́ọ̀ kejì. Ọwọ́ lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti fi sánńpépà ṣiṣẹ́. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò rí i.

Nígbà tí mo parí, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Sístà ló mú Màámi wá. A kò tíì jókòó tí Màámi fi ní, "Mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Mo mú wọn dé iwájú rẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn kí n lè rí ojú wọn dáadáa.

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí rẹ̀. Wọ́n rọra wọ́ ọwọ́ lọ, wọ́n wọ́ ọ bọ̀. Ọwọ́ òsì lọ sí igun, ó dúró níbẹ̀, ó ń wá nǹkan. Wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ìṣó wà, wọ́n fi ìka tẹ ibẹ̀, wọ́n tún tẹ òkè rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún. Kò ké. Wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i, wọ́n gbé etí lé e. Wọ́n ti orí bọnú rẹ̀, wọ́n fa imú.

Wọ́n béèrè pé, "Kọ́bọ́ọ̀dù ta nìyí?"

Mo ní, "Tiyín ni, Màámi. Mo tún un ṣe ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ẹni tó bá ń ta ọjà ayédèrú fún wọn. "Bùkọ́lá, ojú mi ló fọ́. Ọwọ́ mi ò fọ́."

Sístà gbà á lẹ́nu wọn. "Màámi, ṣé mi ò sọ fún yín lọ́nà? Àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ ti ń wọ ilé kiri báyìí. Wọ́n ní àwọn ará Èkó ń gbé e sí pálọ̀ kí àlejò lè máa wò ó. Bùkọ́lá, ta lo tà á fún?"

"Sístà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí n má sọ báwo? Wo èyí. Ó ń dán bí pósí olówó. Inú ilé wa lọ́hùn-ún ni irú eléyìí ti jáde?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti tínà, mo sọ ti sánńpépà, mo gbé agolo híńjì wá, mo fi lé Màámi lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, ohùn wọn sì tutù.

"Kí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Mo gba agolo híńjì náà lọ́wọ́ wọn, mo gbé e padà sí ilé ìdáná.

Láti ọjọ́ náà, Màámi kò pe orúkọ mi mọ́. "Ìyá onílé" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á ní, "Ìyá onílé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé n lè rí omi mu?" Wọ́n á ní, "Ìyá onílé, ẹ má bínú, ṣé ibí ni kí n jókòó?" Ìyá tó bí mi ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi ẹnu kúnlẹ̀ fún mi. Nígbà tí àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wọn, wọ́n sọ létí gbogbo wọn pé, "Àlejò ni mo jẹ́ níbí o. Onílé yìí ń tọ́jú mi, Ọlọ́run á san án fún un. Mo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá, ó ta ẹrù mi, n kò mọ ibi tó wà." Àwọn obìnrin náà wo ojú mi. Mo bu ohun mímu fún wọn.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tìrẹ dé sórí Wásáàpù. Sístà kà á fún Màámi lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Màámi ní, "Bísọ́dún ṣì jẹ́ ọmọ." Mo pa gáàsì. Mo lọ sí pálọ̀, mo fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ jáde pátápátá, mo wá sí ìdí àga wọn, mo sì di ọrùn ọwọ́ wọn mú.

"Ìyá onílé, ibo là ń lọ?"

Mo ní, "Ẹ dìde." Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo ní, "Ẹ kúnlẹ̀."

Mo mú ìyá mi kúnlẹ̀ lórí táìlì. Mo ń sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí. Mo ti ọwọ́ wọn wọ inú ihò dúrọ́ọ̀ náà títí dé èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì fẹ̀gbẹ́ lé ara fáníṣì. Wọ́n ní, "Bùkọ́lá, o ń ṣe mí léṣe." Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pe orúkọ mi kẹ́yìn. Inú mi dùn sí i. N kò sì fi wọ́n sílẹ̀.

O mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìwọ lo fi ìṣó ha á sára pákó ẹ̀yìn ní ọdún tí wọ́n kó gbogbo dúrọ́ọ̀ síta fún ìtọ́jú ilé Kérésì, tí o rá wọnú rẹ̀. Ẹja ńlá kan tí ó ní eyín bí ti ajá. Wọ́n nà ọ́ nítorí rẹ̀ títí Bàámi fi bẹ̀bẹ̀.

Mo rí i tí ìka wọn ń rìn, tó wá dúró. Ó lọ síbi ìrù. Ó padà síbi orí. Ó ka àwọn eyín.

Wọ́n ní, "Bísọ́dún. Ọmọ burúkú." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ti rí i báyìí? Tiyín ni àbí tiyín kọ́?" Mo pariwo rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Mo ti borí.

Wọ́n yọ ọwọ́ jáde. Wọn kò dìde. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń dán, bí èèyàn ṣe máa ń kan iwájú orí ẹni tó kú láti mọ̀ bóyá ó ti tutù.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, Màámi."

Wọ́n ní, "Ì bá sàn kí o tà á, Bùkọ́lá. Ká ní o tà á ni, ì bá ṣì wà níbì kan."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé àwọn padà sí Oǹdó. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n fi èdè ilé wa sọ sí mi nínú ọkọ̀, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò, kọ́bọ́ọ̀dù náà ni Màámi fi ń rìn nínú ilé. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á dì í mú, wọ́n á fi tọ ọ̀nà dé ìta. Lẹ́yìn tí a gbé e kúrò, Sístà ló ń fà wọ́n lọ́wọ́ títí wọ́n fi wá sọ́dọ̀ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jí padà nílé, wọ́n na ọwọ́ sí i, ọwọ́ wọn bọ́ sófo, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀. Ọrùn ọwọ́ òsì wọn yẹ̀. Sístà kò pè mí. Wọ́n ya fọ́tò ọwọ́ tí wọ́n di báńdéèjì mọ́, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, wọn kò kọ ohunkóhun sí i.

Mo rò pé mo ṣì lè ṣe é. Mo yọ híńjì tuntun kúrò, mo da ti àtijọ́ padà. Wọn kò ké. Kẹrosíìnì ti jẹ gbogbo ìpẹtà wọn. Mo kó káfúrà sínú rẹ̀, òun àti fáníṣì pa òórùn pọ̀, ó ń múni ní orí fífọ́. Síbẹ̀, èmi àti Akínbọ̀wálé háyà ọkọ̀, a gbé e lọ sí Odòjọ̀mu.

Àwọn tó ń bá wa gbé e kò tíì gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà tí Màámi fi gbé orí sókè lórí àga. "Kí lẹ gbé wọlé tó ń rùn bí mọ́tò tuntun?"

Mo ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù yín ni, Màámi."

"Ẹ má gbé òkú wọ ilé mi. Mo ti sunkún rẹ̀ tán."

A gbé e jáde, gbogbo àdúgbò sì ń wò wá. Sístà dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí fáníṣì ìyá onílé họ."

Ó wà ní pálọ̀ mi báyìí. Àwọn àlejò ń yìn ín. Ìyàwó fíkà wa wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe èyí? Ọwọ́ yín mà dára o!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe sí igi náà ni mo rí àtúnṣe sí. Ẹnikẹ́ni kò lè rí èyíkéyìí nínú wọn mọ́.

Wàyí o, tú aṣọ náà. Pákó ẹ̀yìn ni. Ẹja rẹ ló wà lára rẹ̀. Mo fi ẹ̀mú fa ìṣó rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò nù ún, n kò ha á, n kò fi nǹkan kan kùn ún. Eruku ilé wa àti òwú aláǹtakùn ṣì wà lára rẹ̀. Tí o bá gbé imú sí i, wàá gbọ́ òórùn káfúrà àtijọ́. Má ṣe fi omi kàn án, má sì jẹ́ kí Goodness fi aṣọ nù ún.

Nígbà tí o bá wá fún Kérésì, má ya Àkúrẹ́. Oǹdó ni kí o gbà lọ tààrà. Fi pákó yìí lé Màámi lọ́wọ́, kí o sì sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ́wọ́ fún ọ. Sọ pé mo ta kọ́bọ́ọ̀dù wọn lóòótọ́. Sọ pé mo yọ pákó ẹja kí n tó tà á, mo sì kàn án mọ́ èyí tí mo ra, kí n lè fi tàn wọ́n, òun ni wọ́n fọwọ́ kàn. Wọ́n á gbà á gbọ́ lẹ́nu rẹ. Sọ pé baba kan ní Ìbàdàn ló rà á, pé o ti lọ bẹ̀ ẹ́, kò sì gbà láti tà á padà, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ń kó abọ́ sínú rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Sọ pé igun òsì rẹ̀ ṣì jẹ wọnú. Sọ pé nígbà tí obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, o gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìta.

Tí Sístà bá bú mi, bá wọn bú mi. Lẹ́yìn tí o bá ti ka lẹ́tà yìí, ya á.

Bá mi kí Goodness dáadáa, kí o sì sọ fún Jesse pé mo ń gbàdúrà fún un. Kí gbogbo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín tó mọ̀ mí. Tọ́jú ẹ̀yìn rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó tà á,

Olúbùkọ́lá.